Èjìká mi ti gan, apá ò gòkè mọ́: ṣé nǹkan oṣù tó fẹ́ dá ló fà á?

Olùkọ́_Kíláàsì4 · 12 oṣù Kejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oorun ti dá lójú mi láti oṣù Kọkànlá.

Ẹni ọdún 49 ni mí, olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège. Ó lè dé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó sì tún pa oṣù mẹ́ta jẹ. Ooru á kàn ṣàdédé bo ojú àti ọrùn mi níwájú kíláàsì, màá wá máa fi ìwé ọmọ fẹ́ ara mi. Ìyẹn ò bá mi lójijì, ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́. Ti èjìká yìí ni ẹnikẹ́ni ò sọ.

Apá ọ̀tún ni. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé mo sùn lé e lódì. Mo fi òrí ra á, mo lo paracetamol, mo ní yóò lọ. Nígbà tó fi máa di Kérésì, n ò lè na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́ ìkọ́ kọ́mú mọ́, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ́ ọ. N ò lè wé gèlè. Ní kíláàsì, ìdajì pátákó nísàlẹ̀ ni mo ń kọ nǹkan sí, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á dìde dúró kí wọ́n tó rí i. Lánàá ni ọmọ kan sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ti òkè." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Bí nǹkan bá fẹ́ jábọ́ tí mo bá ṣèèṣì sáré na ọwọ́ sí i, ìrora náà á gbé mi jókòó sílẹ̀ ni. Dókítà ya fọ́tò eegun, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní kí n lọ bá àwọn tó ń to eegun kí wọ́n fà á. Ìyá kan nínú ìjọ wa ní ọfà ni wọ́n ta sí mi. Kí ni kí n ṣe?

---

Alásọ_Gbági · 12 oṣù Kejì

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Mo ka ti kọ́mú yẹn, omi bọ́ lójú mi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 56 ni mí báyìí, 51 ni mo wà nígbà náà, ọdún tí nǹkan oṣù mi dá pátápátá ni.

Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Èmi jẹ́ kí wọ́n fà á. Ọkùnrin náà fi orúnkún ti abíyá mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà. N ò lè ṣàlàyé ariwo tí mo pa. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n ò fi lè mú ṣíbí dé ẹnu, àti pé apá tó ṣì ń gòkè dé àyà tẹ́lẹ̀ kò kúrò ní ìgbáròkó mọ́. Mo kábàámọ̀ ọjọ́ yẹn títí di òní.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, mo kó àwọn aṣọ tí oníbàárà ń bèèrè jù wá sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, mo fi àwọn tí kì í tètè tà sókè. Ọmọ iṣẹ́ ló ń fi apá wọn aṣọ fún mi. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ló gbà, ṣùgbọ́n ó lọ. Mò ń wé gèlè mi fúnra mi báyìí.

---

Físíò_Òṣogbo · 13 oṣù Kejì

Ẹ kú ìfaradà, Àǹtí Olùkọ́. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mò ń ṣe, ọdún 14 rèé. N ò lè fojú rí apá yín láti ibi, àmọ́ àyẹ̀wò kékeré kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ dúró, ẹ fi ìgúnpá méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà, ẹ ká ọwọ́ síwájú bí ẹni gbé abọ́ oúnjẹ, ẹ wá yí ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni ń ṣí fèrèsé aláwẹ́ méjì. Bí tòsì bá lọ síta tí tọ̀tún dúró síbẹ̀, ẹ ní kí ọmọ yín rọra bá yín yí i. Bí òun náà bá tì í tí kò lọ, á jẹ́ pé àpò tó yí oríkèé èjìká ká ló ti súnkì. Bó bá jẹ́ pé òun lè gbé e lọ, tí ẹ̀yin ò sì lè ṣe é fúnra yín, ó lè jẹ́ pé iṣan kan ló já. Ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀.

Ìdí tí fọ́tò ò fi rí nǹkan kan nìyẹn. Eegun yín ò ní ẹ̀bi. Àpò yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wú tí á máa ta, lẹ́yìn náà á nípọn, á le, àyè tí orí eegun apá fi ń yí nínú rẹ̀ á sì dínkù.

Dókítà Codman, ará Amẹ́ríkà, ló pe àìsàn yìí ní èjìká tó dì (frozen shoulder) lọ́dún 1934. Àwọn ará Japan ń pè é ní èjìká ẹni àádọ́ta ọdún, nítorí àsìkò yẹn ló ń mú èèyàn: láàárín ogójì sí ọgọ́ta ọdún, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi méjì sí márùn-ún ló ń ṣe.

Ẹ wo epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì lásìkò ọyẹ́. Kì í dì lójijì, kì í sì í yọ́ lójijì. Ìgbà ìrora ló ń kọ́kọ́ dé, ó lè gba oṣù méjì sí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbà gígan, ìrora á dínkù ṣùgbọ́n apá ò ní lọ, ìyẹn lè gba oṣù mẹ́rin sí ọdún kan. Títú ló gbẹ̀yìn, ó lè tó oṣù márùn-ún, ó lè tó ọdún méjì. Ẹni tó bá fi igi gún epo tó dì, kẹ́ẹ̀gì ló máa lu. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń fi ipá fà á títí eegun apá á fi kán, mo ti tọ́jú irú wọn.

Ìgbà ìrora ni ẹ ṣì wà. Ẹ má so apá náà rọ̀ mọ́ ọrùn, ẹ má sì tì í. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi omi gbígbóná wẹ̀, ẹ fi ọwọ́ òsì di tábìlì mú, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí apá ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, kí ẹ wá máa fì í yípo kékeré, kó fẹ̀ tó ẹnu abọ́. Ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ tún lè jókòó ti tábìlì, ẹ gbé ọwọ́ lé aṣọ ìnura, kí ẹ máa rọra ti aṣọ náà síwájú, kí ẹ sì fà á padà. Bí ìrora náà bá ṣì ń ta lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ti ṣe é jù, ẹ dín in kù lọ́jọ́ kejì.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí: ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì wo thyroid yín, ẹṣẹ́ tó wà nínú ọrùn. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, nínú mẹ́wàá wọn, ó ń mú ẹnì kan sí méjì. Nígbà mìíràn èjìká ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun ní in.

---

Ẹ̀gbọ́n_Ìlọrin · 13 oṣù Kejì

Agbo làkúrègbé ló bá ìyàwó mi mu, èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Kó mu ife kékeré láàárọ̀ àti lálẹ́.

---

Físíò_Òṣogbo · 13 oṣù Kejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ire rẹ̀ lẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn ìrora bí ibuprofen tàbí diclofenac, tó tún ń mu ọtí líle lé e, inú rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ọjọ́ orí yìí, àwọn oògùn yẹn náà ń gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń mu.

---

Nọ́ọ̀sì_Houston · 14 oṣù Kejì

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tó wà lókè gan-an, ti nǹkan oṣù. Estrogen kì í ṣe họ́mónù ilé ọmọ nìkan. Eegun ń lò ó, iṣan ń lò ó, àwọn àpò oríkèé náà ń lò ó, ó sì wà lára ohun tó ń bá ara paná wíwú. Bó bá ń lọ sókè sódò tó sì ń tán lọ, bó ṣe ń ṣe lára yín yìí, oríkèé lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ sùn. Lọ́dún 2024, Vonda Wright, dókítà eegun níbí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé kí àwọn dókítà ka ìrora eegun, iṣan àti oríkèé àsìkò yìí sí ohun kan náà tó ní orúkọ tirẹ̀, kí wọ́n yé sọ fún obìnrin pé ọjọ́ orí lásán ni.

Ní ti èjìká, Yunifásítì Duke wo ìwé ìtọ́jú àwọn obìnrin bíi 2,000, ọdún 45 sí 60, wọ́n sì ka àbájáde rẹ̀ síta lọ́dún 2022. Nínú àwọn tó ń lo họ́mónù, ìdá 3.95 nínú ọgọ́rùn-ún ni èjìká wọn dì. Nínú àwọn tí kò lò ó, ìdá 7.65 ni. Ó dà bíi pé ó ti parí, àbí? Kò tíì parí. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn sọ pé iye èèyàn náà kéré débi pé ìyàtọ̀ yẹn lè jẹ́ kòńgẹ́. Nítorí náà, ẹ má torí èjìká nìkan lọ máa wá họ́mónù kiri. Bí ooru àti àìsùn bá ń dà yín láàmú, ẹ bá dókítà sọ ọ́, kí ẹ sì sọ fún un bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ìṣàn yín.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò fẹ́ gbàgbé. Bí apá òsì bá ń ro ẹnikẹ́ni tí àyà sì ń fún un pọ̀, tó ń làágùn, tí èémí ò tó, kì í ṣe èjìká nìyẹn. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

---

Màmá_Ṣúgà_Abẹ́òkúta · 15 oṣù Kejì

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Èmi ni wọ́n ń sọ nípa ṣúgà yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ní in kí èjìká òsì tó dì. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń paná wíwú, sínú oríkèé, ìrora náà sì fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo sùn bí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ṣúgà mi fò sókè fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi ṣáájú, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹni tí wọn ò bá kìlọ̀ fún lè rò pé ikú ti dé.

---

Ìyá_Peckham · 16 oṣù Kejì

London ni mo wà. Tèmi, wọ́n pò omi iyọ̀ pọ̀ mọ́ steroid, wọ́n fún un sínú àpò yẹn kó lè fẹ̀, wọ́n sì ń wo abẹ́rẹ́ náà lórí ẹ̀rọ. Ó dà bíi pé wọ́n ń fẹ́ bàlúù nínú ara mi. Kò dùn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́.

Wọ́n ti kọ́kọ́ bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n kùn mí lóorun kí wọ́n fi ọwọ́ tú u, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ tín-ín-rín wọlé gé àpò náà. Mo bi ọmọ mi tó jẹ́ dókítà. Ó ní ìwádìí kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní UK FROST, àwọn èèyàn 503 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: iṣẹ́ abẹ, títú lójú oorun, àti físíò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ steroid. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2020. Nígbà tí ọdún kan fi pé, kò sí èyí tó ga ju ìyókù lọ lọ́nà tí aláìsàn á fi mọ ìyàtọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí wọn ò bá ní ẹ̀rọ ńlá nítòsí yín, ẹ má rò pé ẹ ti pàdánù. Físíò tó mọṣẹ́ àti sùúrù ló ṣe èyí tó pọ̀ jù lára mi.

---

Bàbá_Àwọn_Ọmọ · 16 oṣù Kejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ni ó ṣe, ọ̀rọ̀ òru ni mo fẹ́ sọ, nítorí òru ló le jù.

Ìrọ̀rí mẹ́ta la ń lò. Ọ̀kan lábẹ́ orí. Èkejì, bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, mo máa ń ki í sábẹ́ apá tó ń dùn ún láti ìgúnpá dé ọwọ́, kí apá náà má bàa ṣubú sẹ́yìn, nítorí ṣíṣubú yẹn ló ń jí i. Ẹ̀kẹta, bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó dára, á gbá a mọ́ra bí ọmọ, apá tó ń dùn ún á sinmi lé e. Kó tó sùn, màá bọ aṣọ sínú omi gbígbóná, màá fún un, màá fi jó èjìká náà.

Èmi ni mo ń bá a fi kànìnkànìn wẹ ẹ̀yìn. Bó bá fẹ́ wọ bùbá, apá tó ń dùn ún ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun ló sì ń jáde kẹ́yìn. Kọ́mú, iwájú ni kí ẹ ti kọ́ ọ kí ẹ tó yí ìkọ́ náà sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọkùnrin tó bá ka èyí, ẹ má dúró kí wọ́n tó pè yín. Ìyàwó mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú ń ti òun láti máa bèèrè.

---

Olùkọ́_Kíláàsì4 · 16 oṣù Kejì

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo fi ti Bàbá han ọkọ mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn dìde lọ gbé ìrọ̀rí láti yàrá àwọn ọmọ.

Mo ṣe àyẹ̀wò ti fèrèsé yẹn. Tòsì lọ, tọ̀tún ò kúrò lójú kan, ọmọ mi tì í, kò lọ. Ọjọ́ Ajé ni màá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ti ọfà yẹn ṣì ń dà mí láàmú díẹ̀, n ò ní tàn yín.

---

Alásọ_Gbági · 17 oṣù Kejì

Èmi náà gbọ́ ti ọfà nígbà tèmi. Mo gbàdúrà, mo ṣì ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo wo gbogbo ìyàwó ilé tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi nínú ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́ta láàárín ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù wa nìkan ló ti ṣe rí, tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ní òun rò pé ìyàálé òun ni, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta, lórí àpò èjìká! Gbàdúrà, àbúrò mi, kí o sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

---

Olùkọ́_Kíláàsì4 · 9 oṣù Karùn-ún

Mo padà wá jábọ̀. HbA1c mi, àyẹ̀wò tó ń fi ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, jẹ́ 6.1. Dókítà ní n kò tíì ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Thyroid dára. Bí kì í bá ṣe èjìká yìí, n ò bá má mọ̀. Mo ti fi mínírà olómi dídùn sílẹ̀, mo dín ẹ̀bà alẹ́ kù, mò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé láàárọ̀.

Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ kan sínú oríkèé ní oṣù Kẹta. Mo ti ń sùn. Gígan ò tíì lọ, àmọ́ ó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀: kò ta mí mọ́ bí iná, ó kàn ń dé ibì kan tí á dúró. Lálẹ́ la ti ń kọ àkọlé àti ọjọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù nílé, ọmọ tó ní kí òun bá mi kọ ti òkè ló ń gun àga lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè pátákó láàárọ̀. Ó ti di iṣẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.

---

Físíò_Òṣogbo · 9 oṣù Karùn-ún

Inú mi dùn gan-an. Ẹ ti bọ́ sí ìgbà kejì nìyẹn, ẹ lè fi kún eré ìdárayá báyìí. Ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ fi ìka gun un bí aláǹgbá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí ẹ dé. Ẹ tún fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di igi mọ́ọ̀pù mú, kí ìgúnpá wà ní ìhà, kí ọwọ́ òsì máa fi igi náà ti ọ̀tún síta. Ẹ dúró níbi tó ti ń fà, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ ka ọgbọ̀n, kí ẹ tó tú u sílẹ̀.

---

Olùkọ́_Kíláàsì4 · 22 oṣù Kẹta, ọdún kejì

Oṣù kẹrìndínlógún rèé. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ara ògiri wa ti di mọ́kànlá, ọkọ mi ò jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Mo wé gèlè fún ìgbéyàwó àbúrò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tẹ̀ díẹ̀ lápá ọ̀tún, mo sì fi bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́mú ò tíì ṣeé kọ́ lẹ́yìn, iwájú ni mo ṣì ń lò.

Ìdí tí mo fi padà wá ni pé láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, òsì ti ń ta mí lálẹ́. Mo ṣe àyẹ̀wò fèrèsé láàárọ̀ yìí, ó lọ síta, ṣùgbọ́n kò lọ tó bó ṣe ń lọ. Mo ti pe físíò mi. Ó ní ó ń ṣẹlẹ̀ pé kó mú ìkejì, pé kí n wá lọ́jọ́rú, kí n mú èsì ṣúgà tuntun dání.

---

Alásọ_Gbági · 22 oṣù Kẹta, ọdún kejì

Màá bá ọ lọ. Aago mélòó ni Ọjọ́rú?